Gbòǹgbò Ọdán Ojúde Joseph

"Ìwọ lo gbìn ín, ìwọ ni wàá tún ọ̀nà ṣe! Àgàn!"

Hà! Ẹ gbọ́ ẹnu Rachael, ìyàwó kékeré Joseph káfíńtà l'Ẹ̀fọ̀n, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìyálé rẹ̀ ló ń bú ní gbangba títì! Kò mọ̀ pé ẹnu yẹn kan náà ni yóò dá òun lẹ́bi.

Igi ọdán kan ló dá ìjà sílẹ̀. Ojúde ni igi náà wà, níwájú yàrá Ìbíjọkẹ́ ìyálé. Gbòǹgbò rẹ̀ ti fọ́ sìmẹ́ńtì tí wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún ẹlẹ́sẹ̀, ó gbé e sókè gátagàta. Ìyá Ẹ̀yínadé, ìyá ọkọ wọn, fẹsẹ̀ kọ ọ́, ó ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ni wolé-wolé bá dé, ó ní ẹni tó gbin igi ni yóò hú gbòǹgbò, tí yóò sì tún ọ̀nà tẹ́.

"Ta ló gbìn ín?" Joseph bi wọ́n.

"Ìyálé mi ni! Ojú mi ló ṣe!" Rachael fìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n. "Bí mo bá purọ́, kí ilẹ̀ yìí mú mi!"

"Rachael, ilẹ̀ ti gbọ́ o," ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Bàálé mi, mi ò gbin igi kankan. Ọdún tí mo lọ tọ́jú ìyá mi l'Ókè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n gbìn ín. Mo dé, mo bá igi lójúde."

"Ṣé igi ń gbin ara rẹ̀ ni? Ẹ gbọ́ o, èmi nìkan ni mo bímọ nínú ilé yìí! Èmi nìkan! Ẹni tí kò bímọ ló ráyè gbin igi!"

Joseph aláìlójú-àánú! Ìyàwó tó bá a jẹ ìyà ọgbọ̀n ọdún ló kọjú sí. "Ìbíjọkẹ́, bí o ò bá tún un ṣe kó tó di Sátidé, di ẹrù rẹ, máa lọ sílé bàbá rẹ!"

Ìbíjọkẹ́ fọ̀já gbàdí, ó mú ọkọ́, ó pe Sunday bíríkìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Orin ló ń kọ:

*Ilẹ̀ ń wò, ilẹ̀ ń gbọ́,*
*Ohun a fi pamọ́ síkùn ilẹ̀,*
*Ilẹ̀ ò ní sọ ọ́ nù.*

Ara Rachael kò balẹ̀ mọ́. Á jáde, á wọlé, á tún jáde. "Ẹ má gbẹ́ ẹ jìn o! Ẹ kàn gé e lókè!"

"Ìyàwó," ni Sunday wí, "ẹ ní ẹ̀yin kọ́ lẹ nigi. Kí ló ń lé yín kiri?"

Lọ́jọ́ kẹta, gbòǹgbò kan là, ìkòkò kan yọ láàárín rẹ̀. Gbòǹgbò ti gbá a mọ́ra bí abiyamọ.

"Ẹ má fọ́ ọ!" Ìyá Ẹ̀yínadé fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde. "Ìkòkò ibi ọmọ nìyẹn! Èmi ni mo rà á! Ọjọ́ tí Rachael bí Jídé, mo gbé e fún ìyá Rachael pé kó lọ sin ín sẹ́yìnkùlé!"

Ìbíjọkẹ́ fi ọkọ́ sílẹ̀, ó rọra bèèrè:

"Rachael, ta ló bímọ nínú ulé yìí?"

Rachael sá sẹ́yìn! Ìyá Ẹ̀yínadé ló tú u sọ: "Ẹ ò rí i? Níbi tí a bá sin ibi ọmọ sí, tí a gbin igi lé, ọmọ náà ló ni ibẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ló sin ín síbí, ó fẹ́ fọgbọ́n gba ojúde ìyálé rẹ̀ fún Jídé, kí Joseph tó kú! Ọ̀kánjúwà! Rachael, ìwọ lo jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi yẹ̀ o!"

"Ẹ dárí jì mí! Èṣù ló..."

"Èṣù wo? Ṣé Èṣù ló lóyún Jídé ni?" ìyá ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn.

Joseph dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó rẹ̀ nínú erùpẹ̀. Ó tọ́ sí i! Rachael ló fi orí ru yanrìn láti odò, òun ló fọ́ òkúta, ọwọ́ rẹ̀ bó. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé e, wọ́n ń kọ ọ́ lórin: ilẹ̀ ò ní sọ ọ́ nù!

Ṣùgbọ́n Ìbíjọkẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé ìkòkò náà lọ sin sẹ́yìnkùlé. "Jídé kò ṣẹ̀ mí," ló wí.

Nígbà tí sìmẹ́ńtì gbẹ, Ìyá Ẹ̀yínadé ló kọ́kọ́ rìn lórí rẹ̀. Rachael na ọwọ́ sí i, ìyá kò wò ó. Ó ní, "Ìbíjọkẹ́, ọmọ mi, wá mú mi dání." Àwọn méjèèjì wá ń rìn, wọ́n ń kọrin, gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fẹsẹ̀ kọ.