Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Fọláṣadé Rà

Ọ̀rẹ́ tí Tẹniọlá fẹ́ fi ṣoògùn owó ló ń bó ọsàn fún un jẹ yìí. Fọláṣadé jókòó sórí àpótí ní Ọjà-Ọba, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọsàn Ìlọrin dùn ju ti Ìbàdàn lọ. Lẹ́nu Tẹniọlá, ó korò bí jogbo.

Nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, jẹ ṣọ́ọ̀bù Tẹniọlá run ni Bàbá Alálòkù, ọkùnrin tó ń ta nǹkan àtijọ́ lẹ́yìn ọjà, sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí: “Mú ẹni tó fẹ́ràn rẹ wá. Kó fẹnu ara rẹ̀ ná ìlẹ̀kẹ̀ mi, kó fọwọ́ ara rẹ̀ sanwó. Ọrùn tó bá rà á fún ni ìlẹ̀kẹ̀ á dì mọ́. Ìwọ á wá máa ká owó bí ẹni ń ká ilá.”

Ta ló tún fẹ́ràn rẹ̀ bí Fọláṣadé? Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n jọ dàgbà sí. Fọláṣadé a máa kó nǹkan àtijọ́ jọ bí ẹlòmíràn ṣe ń kó aṣọ jọ; ìyẹn ló bá wá láti Ìbàdàn. Wọ́n ti wo àwo idẹ. Wọ́n ti wo ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Kò rí èyí tó wù ú.

“Tẹni, ibo ló kù? Àbí ẹ ti ta Ìlọrin tán kí n tó dé?”

Tẹniọlá fẹ́ sọ pé ó ti tán, kí wọ́n máa lọ sílé ní Adéwọlé. Ahọ́n rẹ̀ yá jù ú lọ. “Ó ku ibì kan.”

Yàrá iwájú ní ilé Bàbá Alálòkù kún fún fìtílà àti àwo idẹ. Kọ́tìnnì dúdú ló bo ti ẹ̀yìn. Òórùn kan ń tibẹ̀ jáde, bí ẹran tí wọ́n gbàgbé sínú ìṣaasùn. Tẹniọlá yọjú wo àlàfo kọ́tìnnì.

Hàúwà onídìrí ló jókòó sínú òkùnkùn. Hàúwà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti Tẹniọlá jọ fara kanra, tí wọ́n ń kéde lórí rédíò pé ó sọnù. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa ti wọnú ẹran ọrùn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà, náírà tútù ń yọ́ jáde níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́. Ó rí Tẹniọlá.

“Fọláṣadé, jẹ́ ká lọ.”

“Lọ síbo? Mo ti rí ohun tí mò ń wá.” Ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Bàbá, ẹ dín in kù. Òwú ẹ̀ ti gbó.”

“Òwú ló gbó,” ni Bàbá Alálòkù wí. “Ìlẹ̀kẹ̀ náà ń jẹun dáadáa.”

Fọláṣadé bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá yìí á dáa fún tíátà.” Ó fi owó lé e lọ́wọ́.

“Mo tà á. Ọrùn ta lo rà á fún?”

“Ti Tẹniọlá ni. Ó gbà mí sílé, ó ń bá mi rìn nínú oòrùn. Ṣé kí n padà sí Ìbàdàn láìdúpẹ́?”

Bàbá Alálòkù yíjú sí Tẹniọlá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Owó ò kúkú mọ ẹni tó bẹ̀ ẹ́ wá.” Ó gbóhùn sókè: “Okùn kì í pe ọrùn kí ọrùn má dáhùn. Iná kì í pe òrí kí òrí má yọ́. Ìlẹ̀kẹ̀, lọ jẹun.”

Ìlẹ̀kẹ̀ fò, ó dì mọ́ Tẹniọlá lọ́rùn. Ọ̀fun rẹ̀ dún pàkà bí igi gbígbẹ. Ojú rẹ̀ yọ síta. Nǹkan pẹlẹbẹ kan ń ya ọ̀fun rẹ̀ bọ̀ láti inú, ó sì mọ ohun tó jẹ́.

Ẹlòmíràn ì bá sá. Ṣùgbọ́n inú ọjà ni ìyá Fọláṣadé ti tọ́ ọ dàgbà. Fọláṣadé já owó rẹ̀ gbà padà lọ́wọ́ bàbá náà. “Mi ò rà mọ́. Ẹ gba ọjà yín.”

Ọjà tí oníbàárà bá dá padà, ti ọlọ́jà ni. Ìlẹ̀kẹ̀ tú kúrò lọ́rùn Tẹniọlá, ó lọ dì mọ́ ọrùn ẹni tó ni ín. Bàbá Alálòkù ò ráyè pe ọfọ̀ kankan. Orí rẹ̀ bọ́ sáàárín àwọn àwo idẹ, ó dún gbàǹgàn. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, Hàúwà mí kanlẹ̀, ó sì sinmi.

Tẹniọlá yè é. Ohùn rẹ̀ ni kò padà.

Gbogbo ọdún Kérésì ni Fọláṣadé ń gbé oyin àti oògùn wá sí Adéwọlé. Á máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé: “Èmi ni mo ní dandan kó mú mi lọ wá nǹkan àtijọ́. Díẹ̀ ló kù kí n pa ọ̀rẹ́ mi.” Á sunkún. Tẹniọlá á máa mi orí. Wọ́n á rò pé ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni.

Lọ́dún kan, Fọláṣadé fi ìwé àti bírò síwájú rẹ̀. “Kọ ọ́, Tẹni. Bó o bá ń bínú sí mi, kọ ọ́.”

Tẹniọlá mú bírò. Ó kọ “Hàúwà”. Ó yára pa á rẹ́. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kún fún omijé, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà: “Mo dárí jì ọ́.”

Fọláṣadé kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.