Ẹranko Tó Wá Rán Ìrù

Ẹranko kan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọ̀ ewé ni ara rẹ̀, ẹ̀gún tò sẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbé orí ara rẹ̀ lé orúnkún. Níbi tí orí yẹ kó wà gan-an, ojú ọkùnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún ló ń làágùn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, màdáàmù. Ìrù mi ló ya.”

Aránṣọ wò ó tòkè-tilẹ̀. “Mo ti rán ṣòkòtò, mo ti rán aṣọ ìyàwó. Ìrù ló kù.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Gìtá ló ń ta nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta kan tí kì í fẹnu kọrin, aṣọ ẹranko yìí ló sì máa ń wọ̀ lórí ìtàgé. Orin wọn dá lórí àwọn sinimá àtijọ́, níbi tí ẹranko tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ ti ń jáde látinú òkun wá wó ìlú.

“Kí ló wá ń bí ẹranko náà nínú?” ni obìnrin náà béèrè, bó ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

“Lójú tèmi, inú ò bí i. Òun nìkan ló kù nínú irú rẹ̀. Ẹnìkejì ló ń wá, àwọn èèyàn sì ń sá.”

Ọ̀rọ̀ náà bá aránṣọ níbi tó ti ń dùn ún. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tójú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ lóòjọ́ ò kún ẹnu.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ gbọ́ orin náà. Èèyàn inú gbọ̀ngàn ò tó ogún. Gìtá ń gbọ̀n bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì òkun. Kó tó mọ̀, omi ti lé sí i lójú.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ọkùnrin náà a wá nírọ̀lẹ́, a jókòó ti máṣíìnì, a máa pè é ní Abẹ́rẹ́ mi. Òun náà a máa pè é ní Onírù.

Bàbá ò gbà. “Orin tí ò lọ́rọ̀, kí ló ń sọ? Mi ò lọ́mọ tí mo fẹ́ fi fún ẹranko.”

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le ni pé wọ́n pe ẹgbẹ́ náà sókè òkun fóṣù mẹ́jọ.

“Abẹ́rẹ́ mi, jẹ́ ká jọ lọ.”

“Ta ni kí n fi bàbá mi sílẹ̀ fún?”

“Títí ayé lo fẹ́ máa tọ́jú wọn?”

“Máa lọ, Onírù.”

Ó lọ. Aránṣọ ń rán aṣọ ìyàwó fáwọn ẹlòmíràn. Bí fóònù bá dún lọ́jọ́ Àìkú, òun àti Onírù a kí ara wọn tán, wọn a wá máa gbọ́ èémí ara wọn títí ìpè yóò fi já.

Lóṣù kẹfà, bàbá nawọ́. “Gbé e fún mi.” Ó gbé fóònù sétí. “Bàbá Abẹ́rẹ́ nìyí. Orin kọ́ ni mo bá ọ jà lé lórí. Ẹ̀rù ló bà mí, kílé má dá páropáro mọ́ mi lórí. Yàrá kan ṣófo níbí. Tóo bá dé, ibẹ̀ ni kóo sọ ẹrù sí.”

Onírù dé lẹ́yìn oṣù kẹjọ. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba. Bàbá àtàwọn méjì tó kù nínú ẹgbẹ́ náà ló ṣẹlẹ́rìí.

Lórí àtẹ̀gùn, ọkọ sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Mo ṣì máa ń lọ nígbà míì o.”

“Mo mọ̀. Tóo bá pè, kóo sọ̀rọ̀. Má kàn máa mí sí mi létí.”

“Màá sọ̀rọ̀.”

Ó di ọwọ́ ọkọ mú, ó di ti bàbá mú, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí àgbà náà ò rílẹ̀ dáadáa mọ́.