Ọ́ìlì Tuntun Don Eliseo

Nígbà tí Otoniel kọ́kọ́ rí Nereida, ṣe ló ń dá àgbá ọ́ìlì dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ṣúgà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Aṣọ rẹ̀ rin gbìndìn, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, oòrùn sì ń tàn lára rẹ̀.

"Ọmọge, kí ni àgbá wa ṣe fún ọ?"

"Wọ́n dúró sójò, mo ní kí wọ́n sùn." Kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. "Ṣé ẹ máa ràn mí lọ́wọ́ ni, àbí ìran lẹ wá wò?"

Otoniel ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Àgbá ń mí," Nereida ní. "Tí oòrùn bá mú un, á mí síta. Tí ó bá tutù, á mí sínú, omi tó dúró lórí rẹ̀ á sì bá ẹnu ìdérí wọlé."

"Èmi ò tiẹ̀ lè mí dáadáa mọ́ látìgbà tí mo ti rí ọ."

"Ẹ lọ rí dókítà." Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Láti èbúté Veracruz ni Nereida ti wá. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ asẹ́ tuntun tí ilé iṣẹ́ rà, èyí tó ń sẹ́ ọ́ìlì kó tó wọ inú ẹ̀rọ. Otoniel ló ń tún ọlọ ìrèké ṣe. Kí ìrèké tó yọ òdòdó, ife kọfí kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti jọ ń mu.

Don Eliseo, bàbá Otoniel, ni olórí ọlọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ìrèké, tí fáda bá ti wọ́n omi mímọ́, òun ló ń da ọ́ìlì àkọ́kọ́ sínú jíà, àwọn irin eléyín tó ń yí ọlọ ńlá. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jogún iṣẹ́ náà. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, kò pẹ́ tó dà á tí jíà náà fi jẹra wọn. Ọlọ dúró, ìrèké gbẹ nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ọwọ́ bàbá ti bàjẹ́.

Nígbà tí Nereida wá sọ pé kí Don Eliseo kọ́kọ́ sẹ́ ọ́ìlì ọdún yìí, gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbọ́ èsì rẹ̀.

"Ọ́ìlì tuntun? Ìwọ a máa fọ omi kí o tó mu ún?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Otoniel, ẹni tó bá sọ pé ohun tí mo fọwọ́ mi dà dọ̀tí kò ní wọ ilé mi."

"Mo lè kúrò nílé," Otoniel sọ fún Nereida lẹ́yìn náà.

"Kí n fẹ́ ọkọ tí bàbá rẹ̀ kò ní bá a jẹun? Ìfiṣòfò ni. Ṣé àgbá kankan ṣẹ́ kù nínú ọ́ìlì tèṣí?"

Ọ̀kan ṣẹ́ kù tí wọn ò tíì ṣí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọlọ máa bẹ̀rẹ̀, Otoniel yí i wá síwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fọwọ́ ara yín ṣí i," ni Nereida wí, ó sì na aṣọ funfun sórí garawa.

Don Eliseo ṣí i, ó dà á. Ọ́ìlì jò kọjá. Ìpẹtà àti iyanrìn dúdú kù sórí aṣọ bí ata tí a gún, omi sì dá dúró nísàlẹ̀ garawa.

"Èmi kọ́ ni mo kó o síbẹ̀," bàbá ní, jẹ́jẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ọwọ́ yín, Bàbá. Ọwọ́ yín ò jẹ̀bi."

Ó jókòó sórí àgbá náà. "Látèṣí ni mo ti ń wo ọwọ́ yìí," ló wí, ó sì fi í nu ojú rẹ̀.

Nígbà tí fáda wọ́n omi tán, Don Eliseo da ọ́ìlì sẹ́nu ẹ̀rọ asẹ́ Nereida, ọ́ìlì náà sì gba ibẹ̀ wọnú jíà, ó mọ́ gaara bí oyin. Ọlọ yí. Omi ìrèké ń ṣàn, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń pe orúkọ Don Eliseo. Títí òjò fi dé, eyín jíà kan kò kán.

Lẹ́yìn náà ni Don Eliseo wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì àti ṣokoléètì, ó mú Otoniel dání, wọ́n sì lọ sí ilé ìyá Nereida ní èbúté.

"Ìyá, ọmọ yín sọ lójú gbogbo èèyàn pé ọ́ìlì mi dọ̀tí."

"Ẹ forí jì í, Don Eliseo. Ẹnu rẹ̀ ò gba nǹkan mọ́ra."

"Mo mọ̀. Ẹ fi í fún ọmọ mi, kó wá máa sọ ọ́ nínú ilé mi."