Káàdì Tí A Kò Gé

"Ìwọ? Nínú omi?" Níní bú sẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ gbà mí o! Ẹni tó jẹ́ pé inú báàfù ló ti rí omi tó jìn jù láyé ẹ̀!"

Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ eléré ìdárayá tó wà lórí pápá ní àdúgbò Pedro ló rẹ́rìn-ín. Oyèbísí kò rẹ́rìn-ín. Etí rẹ̀ gbóná bí ẹni pé wọ́n gbé e sórí iná. Kí ló tiẹ̀ ṣe? Ìbéèrè lásán ló béèrè lọ́wọ́ Kóòṣì Tabitha: èwo ló dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìdíje méjèèjì tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe lóṣù Kọkànlá?

Ọjọ́ kan náà ni ìdíje méjèèjì, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ wọ ju ẹyọ kan lọ. Èkíní ni ààbọ̀ máratọ́ọ̀nù, ìyẹn eré ẹlẹ́sẹ̀ kìlómítà mọ́kànlélógún. Èkejì ni eré alápá mẹ́ta: èèyàn á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ ní irinwó mítà nínú ọ̀sà Bariga, á gun kẹ̀kẹ́ ológeere fún kìlómítà mẹ́wàá, á wá fi ẹsẹ̀ sá kìlómítà méjì ààbọ̀. Ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú èyíkéyìí ni yóò ṣojú ẹgbẹ́ níbi ìdíje gbogbo ìpínlẹ̀.

"Lọ sá máratọ́ọ̀nù," ni Kóòṣì Tabitha sọ. "O ti ń sá kìlómítà mẹ́jọ láì mí hẹlẹ. Oṣù mẹ́rin ṣì wà níwájú wa. Tá a bá ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wàá débẹ̀."

"Ṣùgbọ́n Ma, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé eré alápá mẹ́ta kúrú jù ú lọ."

"Mo ní ó kúrú. Mi ò ní ó rọrùn. Tó bá rẹ̀ ẹ́ lójú títì, o lè jókòó. Ta ló ń jókòó lójú ọ̀sà?"

Ibẹ̀ ni Níní ti já lu ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Níní, ọmọ Ìlàjẹ, ń pẹja létí ọ̀sà Bariga. Níní ti mọ̀wẹ̀ kó tó mọ ABD.

"Eré alápá mẹ́ta ni màá ṣe," ni Oyèbísí sọ. Ojú Níní ló ń wò nígbà tó sọ ọ́, kì í ṣe ojú Kóòṣì.

Inú ń bí i títí tó fi délé ní Ṣómólú. Ó ń ṣírò lójú ọ̀nà: kìlómítà mọ́kànlélógún ní apá kan, kò tó mẹ́tàlá ní apá kejì. Kí ló wá le níbẹ̀? Àwọn èèyàn wọ̀nyí kàn fẹ́ fojú tẹ́ òun ni!

Òfin kan wà ṣá. Ẹni tó bá fẹ́ wọ omi gbọ́dọ̀ gba káàdì búlúù, kò sì ní rí i gbà àfi tó bá lúwẹ̀ẹ́ irinwó mítà lójú Kóòṣì láì fọwọ́ kan ọkọ̀ ojú omi tó ń tẹ̀ lé e. Oyèbísí gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Kò kọjá igba mítà rí kó tó di ọkọ̀ mú.

"Dì í mú dáadáa o!" Níní á pariwo láti ọ̀ọ́kán. "Kó má sá lọ mọ́ ẹ lọ́wọ́!"

Ẹ̀rín náà á tún gba orí omi kan. Lọ́jọ́ kan, Oyèbísí jáde nínú omi, ó ju aṣọ ìnura sílẹ̀, ó sọ fún Kóòṣì pé òun ò ṣe ìkankan mọ́. Irọ́ ni.

Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àkànbí, ló ń tẹ káàdì búlúù náà. Ọmọ Ṣakí ni wọ́n, ilé ìtẹ̀wé wọn kò sì ju yàrá méjì lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀: ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ bàjẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ìgéwèé gé e sí méjì kó tó kúrò lórí tábìlì. Ìbáà jẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìbáà jẹ́ ìwé ẹ̀rí, kò gbọdọ̀ jáde ní odidi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n tẹ káàdì náà, wọ́n ní kí Oyèbísí gé àwọn tó bàjẹ́. Ó bá èyí kan nínú wọn tí ìlà búlúù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kàn tẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ẹ̀rọ ti tẹ òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àti ìbuwọ́lùwé Kóòṣì sórí rẹ̀. Àyè orúkọ nìkan ló ṣófo. Ó gbọ́ ẹ̀rín Níní lọ́kàn rẹ̀. Ó gé gbogbo ìyókù. Èyí kan yẹn, ó fi sínú báàgì ilé ìwé rẹ̀. Lálẹ́, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ ìdíje, Kóòṣì Tabitha wà ní Palmgrove pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ sá máratọ́ọ̀nù. Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá, ló jókòó létí ọ̀sà. Wọn ò mọ ẹni tó mọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n wo káàdì, wọ́n fún Oyèbísí ní nọ́ńbà.

Níní rí i. "Ta ló fún ẹ ní káàdì?"

"Ṣé ìwọ lo ń pín in ni?"

Fèrè dún. Oyèbísí ń fi ìbínú na omi bí ẹni pé omi ló bú u. Ó kọjá kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣàmì. Kó tó dé ìkejì, apá rẹ̀ ti di òkúta. Ó wá ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ bá ẹlòmíràn tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ fà. Ó la ẹnu láti kígbe, omi iyọ̀ ló wọlé. Ó rì, ó yọ, ó tún rì.

Nǹkan kan gbá a mú lẹ́yìn ọrùn.

"Má dì mọ́ mi! Mo ní má dì mọ́ mi! Fẹ̀yìn lé omi, kọjú sókè!"

Níní ni. Ó ti wà níwájú gbogbo wọn kó tó gbọ́ ariwo àwọn tó wà létí omi, kó tó yí padà. Ó wọ́ Oyèbísí títí ọkọ̀ fi dé, ó sì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú láti tì í wọlé. Ẹni tó bá sì fọwọ́ kan ọkọ̀ ti jáde nínú ìdíje. Òfin ni.

Létí omi, Oyèbísí ń bì, Níní ń pariwo lé e lórí. "Ọdún kan gbáko! Ọdún kan gbáko ni mo fi múra sílẹ̀! Mo ti ń gbawájú!"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Àkànbí. Bàbá Oyèbísí gba káàdì náà lọ́wọ́ akọ̀wé, wọ́n fi ìka tọ ìlà búlúù onílọ̀ọ́po méjì náà. Ojú wọn yí padà.

"Ilé ìtẹ̀wé mi lèyí ti jáde," ni wọ́n sọ fún akọ̀wé. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Nígbà tí mo ní kí ẹ máa gé wọn, o rò pé eré ni mò ń ṣe?"

"Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, Bàbá! Lójoojúmọ́!"

"Mo fi ẹ́ rẹ́rìn-ín," ni Níní dá a lóhùn. "Mo jẹ̀bi ìyẹn. Ṣé èmi ni mo ní kó o jalè?"

Oyèbísí fi aṣọ ìnura bojú.

Ẹgbẹ́ ní kò gbọdọ̀ wọ ìdíje kankan fún ọdún kan. Wọ́n kó iṣẹ́ ìtẹ̀wé wọn lọ sí ibòmíràn ní Ṣómólú. Lọ́jọ́ karùn-ún, bàbá rẹ̀ gbé òkìtì ìwé tó bàjẹ́ síwájú rẹ̀, wọ́n sì dúró tì í títí ó fi gé èyí tó kẹ́yìn.

Ọjọ́ Sátidé, ó lọ sí Bariga. Ó bá Níní níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ to ẹja sórí àgbá èéfín.

"Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o."

"Mo mọ̀."

Níní yí ẹja mẹ́ta padà kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ìgbà tó o bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ̀sà yẹn, mo rò pé o fẹ́ gbẹ ẹ́ tán ni." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Oyèbísí náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́.

Lójú ọ̀nà ilé ló tó yé e pé òun kò yan ìdíje kankan rárá. Ìbínú ló yàn án fún un. Kò béèrè ohun tí ara òun lè ṣe, ohun tó máa dun Níní ló ń wá, òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí i. Níní tó bínú sí ló gbà á là, Níní náà ló sì pàdánù. Ẹni tí inú ń bí, kó jẹ́ kí inú náà rọ̀ kó tó yan ohunkóhun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó so bàtà rẹ̀, ó lọ bá Kóòṣì Tabitha ní Pedro. Ọdún kan ló kù kó tó lè wọ ìdíje.

"Kìlómítà mélòó la máa sá lónìí, Ma?"

"Mẹ́sàn-án," ni Kóòṣì sọ, ojú wọn kò sì rẹ́rìn-ín. "Má sáré jù."