Kìnnìún Ẹlẹ́rìn-ín Ìlódè

"Ta ni yóò wá bá mi mọ kìnnìún mi báyìí?"

Bàbá Lágúnjú ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo òpó méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ sí ẹnu-ọ̀nà ilé rẹ̀ tuntun ní Ìlódè. Kòkó tà dáadáa lọ́dún náà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá oníṣòwò kòkó yìí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ti gbọ́ pé àwọn ọlọ́lá Èkó máa ń gbé kìnnìún sìmẹ́ńtì sórí òpó ilé wọn. Ó sì ti sọ fún gbogbo Ilé-Ifẹ̀ pé tòun náà yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìṣílé.

"Ẹni tó máa ń mọ irú rẹ̀ ní Ìbàdàn ránṣẹ́ pé ara òun ò yá," ni Awóníyì, ọ̀gá bíríkìlà, dá a lóhùn. "Ní tèmi, ògiri ni mo mọ̀ ọ́n mọ, Bàbá. Ohun tó bá ti ní ojú àti imú, kò sí lọ́wọ́ mi."

Mojíre àti Yéjídé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń sọ àmù kalẹ̀ lẹ́yìn wọn lọ́wọ́. Amọ̀kòkò ni ìyá Mojíre, òun ni Bàbá Lágúnjú sì ní kó bá òun mọ àmù ilé tuntun náà. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà ni, wọn ò tilẹ̀ tíì bọ́ aṣọ ilé-ìwé.

Awóníyì bojú wo ọmọrí àmù tó wà lọ́wọ́ Mojíre. Alángbá kékeré kan nà gbalaja lórí rẹ̀, ó gbórí sókè bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ.

"Ta ló mọ alángbá yìí?"

"Èmi ni, sà," ni Mojíre wí. "Màámi ló ń mọ ìkòkò, èmi ni mo máa ń fi ẹranko sórí ọmọrí."

Bàbá Lágúnjú gba ọmọrí náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ọwọ́ rẹ dáa. Ǹjẹ́ o ti rí kìnnìún rí?"

Gbogbo ojú ṣí sí Mojíre lára. Yéjídé fi ìgbọ̀nwọ́ gún un ní ìhà. Kò rí kìnnìún rí, kódà kò mọ ẹnì kan tó rí i. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síwájú rẹ̀ rí láyé rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á pé bí òun bá sọ pé rárá, iṣẹ́ náà lọ nìyẹn.

"Mo ti rí i, sà. Mo rí i nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n màámi ní Ìbàdàn."

Òtítọ́ ni pé ó lọ sí Ìbàdàn. Àmọ́ ẹranko tó bani lẹ́rù jù lọ tó rí níbẹ̀ ni tòlótòló ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

"Ó tán," ni Bàbá Lágúnjú wí, inú rẹ̀ sì dùn. "Ìwọ ni yóò mọ ọ́n. Bí èyí àkọ́kọ́ bá dáa, wàá mọ èkejì."

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó wo ọmọ rẹ̀. "O rí kìnnìún ní Ìbàdàn, o ò sì sọ fún mi?"

"Mo gbàgbé ni, Màámi."

"Èèyàn a máa gbàgbé kìnnìún?"

Mojíre dorí kodò. Irọ́ kan ti di méjì. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ gbà á gbọ́, nítorí kì í ṣe ọmọ tó máa ń purọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ọmọ òun fi ojú ara rẹ̀ rí kìnnìún.

Mojíre wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá kìnnìún kiri ní bòókẹ́lẹ́. Yéjídé nìkan ló mọ̀. Wọ́n lọ bá ọdẹ àgbà kan ládùúgbò. Ọdẹ ní òun ti pa ẹkùn, òun ti pa ẹfọ̀n, ṣùgbọ́n kìnnìún kì í gbé inú igbó Ifẹ̀. Wọ́n bá lọ sí Sábó lọ́dọ̀ Garuba, alágbò, nítorí pé ará Òkè Ọya ni.

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré," ni Garuba wí. "Ẹni tó bá gbọ́ ohùn yẹn kì í dúró wojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi sọ pé irun ọrùn rẹ̀ ju ti èyí lọ." Ó fa àgbò ńlá kan síta, èyí tí irun ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbálẹ̀. Mojíre jókòó ti àgbò náà, ó wò ó títí àgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo òun náà.

Ẹlòmíràn ní ẹsẹ̀ kìnnìún dà bí ti ológbò. Mojíre dá ológbò ilé wọn dùbúlẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ bí ojú rẹ̀ ti rí fún un.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Awóníyì tẹ irin fún un bí eegun, ó rì í mọ́ orí òpó, ó sì fi tapólì tí wọ́n fi ń bo kòkó ṣe àgọ́ yí i ká kí ẹnikẹ́ni má baà rí i kó tó tó àkókò. Mojíre gorí àkàbà, ó ń fi sìmẹ́ńtì bo irin. Kíá ló rí i pé sìmẹ́ńtì kì í ṣe amọ̀. Amọ̀ a máa dúró de èèyàn, sìmẹ́ńtì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Orí àkọ́kọ́ tó mọ já bọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba Awóníyì.

"Kìnnìún rẹ ti fẹ́ pa mí jẹ kó tó lójú," ni Awóníyì wí, ó sì kọ́ ọ bí a ti ń po sìmẹ́ńtì kó lè dì mú.

Irun ọrùn ló wá di ìṣòro. Sìmẹ́ńtì tó fi ṣe irun rí bí ẹ̀kọ tó dà sílẹ̀. Ọjọ́ kan tó ń bọ̀ láti ilé-ìwé, ó rí òkìtì àfọ́kù àwo tánńganran lórí ààtàn. Lọ́rì ló kó sí kòtò, tí ẹrù obìnrin aláwo kan sì fọ́. Àwọn àfọ́kù náà funfun, òmíràn ní òdòdó aláwọ̀ búlúù, òmíràn ní etí wúrà. Oòrùn tàn sí wọn, wọ́n ń kọ mànà. Mojíre dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan.

Ó kó wọn sínú agbọ̀n, ó ń tẹ̀ wọ́n bọ ọrùn kìnnìún lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí ń gorí èyí bí ìyẹ́ adìyẹ. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tí ojú rẹ̀ rí tí kò dà bí ara kìnnìún mọ́. Ìdí ìgò aláwọ̀ ewé di ẹyinjú. Wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ di irùngbọ̀n. Ṣóńṣó ìkaraun ìgbín di èékánná. Yéjídé tó wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ di ẹni tó ń bá a fọ́ àwo sí wẹ́wẹ́, àwọn méjèèjì a sì máa kọrin títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Mojíre gbàgbé pátápátá pé irọ́ ló gbé òun dé orí òpó náà.

Ẹnu nìkan ni kò yé e. Ó fẹ́ kí kìnnìún náà bínú, ó to eyín tánńganran funfun sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó ṣe é tó, igun ẹnu náà ń yí sókè ni.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Àwọn àgbà jókòó, àwọn ọmọdé kún ojú ọ̀nà, ìyá Mojíre sì dúró níwájú pẹ̀lú gèlè rẹ̀ tó dára jù. Awóníyì fa tapólì kúrò.

Gbogbo wọn gbójú sókè. Kìnnìún náà jókòó lókè, ọrùn rẹ̀ ń tàn yanran, ojú rẹ̀ tutù bí ewé, ó la ẹnu gbàǹgbà, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn. Ọmọdé kan bú sẹ́rìn-ín. Ni gbogbo ojú ọ̀nà bá gbà á.

Bàbá Lágúnjú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti Edunabon wá, ẹni tí wọ́n ń pè ní Sọ́jà Adéagbo. Ọkùnrin náà ti bá àwọn òyìnbó jagun dé Kẹ́ńyà àti Bọ́mà.

"Sọ́jà, ìwọ tó o rìn jìnnà, ṣé báyìí ni kìnnìún rí?"

Adéagbo yí òpó náà po. "Àwọn tí mo rí ní Kẹ́ńyà kì í rẹ́rìn-ín sí èèyàn," ló wí. "Ọmọ mi, níbo lo ti rí eléyìí?"

"Ìbàdàn ló ti rí i," ni ìyá Mojíre dáhùn kíá. "Ojú ara rẹ̀ ló fi rí i."

Yéjídé sún mọ́ Mojíre, ó sọ ọ́ sí i létí pé, "Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ti Ìbàdàn ṣe rí. Ta ló fẹ́ lọ wò ó?"

Ìyẹn rọrùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Mojíre wo ìyá rẹ̀ tó gbé àyà síwájú láàárín àwùjọ, tó ń fi irọ́ rẹ̀ yangàn láìmọ̀. Bí òun bá tún purọ́, ìyá òun ni yóò máa ru ú kiri ọjà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò rí kìnnìún rí. Irọ́ ni mo pa nítorí mo fẹ́ iṣẹ́ náà. Màámi ò mọ̀."

Ẹ̀rín dá. Ìyá Mojíre kàn tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì lọ sílé. Ìyẹn dun Mojíre ju ohun tí Bàbá Lágúnjú sọ lọ.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni Bàbá Lágúnjú wí. "O fi mí ṣe ẹlẹ́yà lójú àlejò mi. Awóníyì, lọ mú òòlù wá."

"Irin rẹ̀ ti wọnú òpó, Bàbá," ni Awóníyì wí. "Bí a bá fọ́ ọ báyìí, òpó á bá a lọ. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀rùn, ká lè ráyè tún òpó mọ."

Wọ́n fi í sílẹ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n Mojíre jìyà rẹ̀. Òpó kejì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan amọ̀ títí òun yóò fi ní kó fọwọ́ kàn án, ó sì ní kó máa lọ gbálẹ̀ àgbàlá Bàbá Lágúnjú láràárọ̀ kó tó lọ sílé-ìwé. Nílé-ìwé ẹ̀wẹ̀, "Ará Ìbàdàn" ni wọ́n ń pè é.

Àmọ́ ohun kan ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà náà. Àwọn tó ń lọ sóko ń dúró. Bí oòrùn àárọ̀ bá kọ lu ọrùn kìnnìún, ògiri ilé òdìkejì a kún fún ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń jó. Àwọn ìyá ń gbé ọmọ wọn wá wò ó. Garuba mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láti Sábó, ó ní àgbò òun ni wọ́n wò mọ ọrùn rẹ̀. Àwọn èèyàn Mọdákẹ́kẹ́ ń wá, wọ́n ń kí Bàbá Lágúnjú ní "Bàbá Oníkìnnìún". Lákọ̀ọ́kọ́, ńṣe ló máa ń fajú ro. Nígbà tó yá, ó gbé àga rẹ̀ wá sí ìta kó lè máa gbọ́ ìkíni náà dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe Mojíre tó ń gbálẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé èmi náà ò rí kìnnìún rí?"

Mojíre gbójú sókè, ó ń wò ó.

"Kò sí ẹnì kan tó dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bi ọ́ tó rí i rí. Ká ní o sọ òtítọ́ fún mi ni, à bá jọ wá ẹni tó rí i. Sọ́jà Adéagbo ò jìnnà. Abéèrè kì í ṣìnà. Ò ń béèrè, àmọ́ ò ń bo ojú béèrè, ìyẹn ni o ò ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Ẹ má bínú, sà. Òòlù yẹn ńkọ́?"

"Òòlù wo? Ẹni tó bá fọwọ́ kan kìnnìún mi, èmi àti ẹ̀ ni." Ó wá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Lọ sọ fún ìyá rẹ pé mo ń bẹ̀ ẹ́ kó dá ọwọ́ rẹ padà fún ọ. Òpó kejì ń dúró."

Lọ́tẹ̀ yìí, Sọ́jà Adéagbo jókòó sábẹ́ àkàbà, ó ń ṣàlàyé. Mojíre ń béèrè láìtijú: báwo ni etí, báwo ni imú, ṣé ó máa ń pa ẹnu dé? Ìyá rẹ̀ ti gba ẹ̀bẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kó àpáàdì pupa wá fún irun ọrùn. Kìnnìún kejì jáde pẹ̀lú ojú líle àti ẹnu pípadé. Nígbà tí wọ́n ṣí i, Adéagbo na ara ṣánṣán, ó bẹ́rí fún un, gbogbo àdúgbò sì pàtẹ́wọ́.

Ní ilé-ìwé, orúkọ "Ará Ìbàdàn" ò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni Mojíre fi ń jẹ́ ẹ báyìí. Bí olùkọ́ bá bi í ní ohun tí kò mọ̀, á dìde, á ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, sà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ ọ́n." Ó ti rí i pé kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn sọ pé òun kò mọ nǹkan. Inú kí èèyàn díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n ni ìtìjú wà. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi sí ọwọ́ ọmọ kò nílò irọ́ láti gbé e ga. Òtítọ́ ló ń jẹ́ kí àwọn tó mọ̀nà lè ràn án lọ́wọ́.