Ọwọ́ Tó Kọ́kọ́ Gba Ọmọ

Ní gbogbo Ọjọ́rú, orin àwọn aboyún ni ó máa ń jí àdúgbò kan ní Igbó-Elérin. Wọn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn níwájú ọsibítù kékeré Mátírọ́ọ̀nù Ṣọlágbadé, wọn á máa pàtẹ́wọ́, wọn á máa jó níwọ̀n bí ikùn bá ti gbà wọ́n láyè mọ.

Sẹ̀kínát, nọ́ọ̀sì tó ń bá Mátírọ́ọ̀nù ṣiṣẹ́, fẹ́ràn orin yìí púpọ̀. Bí ó bá ti ń gbọ́ ọ, ara rẹ̀ á fúyẹ́, á máa ṣe bí ẹni tó ń rìn lójú àlá. Á fọwọ́ kan ikùn èyí, á yẹ ojú ìyẹn wò, á ri ọwọ́ bọ bàsíà omi tó wà lórí tábìlì, á nù ún sí táwẹ̀lì tí wọ́n fi kọ́ ìṣó, á sì pe ẹni tó kàn. Bàsíà kan náà, táwẹ̀lì kan náà ni gbogbo wọn ń lò láti àárọ̀. Wọ́n kán oògùn apakòkòrò díẹ̀ sínú omi náà, ó ń ta sánsán. Ta ni yóò wá sọ pé kò mọ́?

Motúnráyọ̀, àbúrò Sẹ̀kínát, wà lára àwọn aboyún náà, ṣùgbọ́n òun kì í kọrin. Ọsibítù yìí ló bí àkọ́bí rẹ̀ sí. Ìwọ́ ọmọ náà wú, ó pọ́n, ibà gbé e, kí wọ́n sì tó sọ ọ́ lórúkọ, ó ti padà síbi tó ti wá. Ẹbí ní ọwọ́ ayé ni. Títí di òní, wọ́n ṣì ń fojú burúkú wo ìyá arúgbó kan ládùúgbò, ìyá tí kò ṣe ju pé ó wá kí wọn kú ewu lọ.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin ni ẹ máa gbẹ̀bí mi o," ni Motúnráyọ̀ wí lọ́jọ́ náà. "Mi ò fẹ́ kí n tún sin òmíràn. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gba ọmọ mi."

"Ínṣá Àlláhù, ọwọ́ mi náà ni," ni Sẹ̀kínát dáhùn.

Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáìkò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbà, lórí bí a ṣe ń dènà àrùn kí ó má bàa ran láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn nínú ọsibítù. Nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù gbọ́, ẹ̀rín ló fi ṣe.

"Fífọ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ? Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni ọ́ ni? Ó dáa, máa lọ. Ṣáà bá mi gba ráìsì tèmi bọ̀."

Nọ́ọ̀sì Fọláyẹmí, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ni olùkọ́ wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ Sẹ̀kínát àti àwọn mélòó kan lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Wọ́n jókòó, wọ́n mu tíì, wọ́n bá ara wọn ṣeré. Lẹ́yìn náà ni Nọ́ọ̀sì Fọláyẹmí ní kí wọ́n fa kọ́tìnnì, kí wọ́n pa gbogbo iná. Ó tan iná kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà bí aró.

Àfi bí àlá. Nínú òkùnkùn yẹn, ọwọ́ Sẹ̀kínát ń tàn bí tanátaná. Ó wo ara rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ náà wà létí híjáàbù rẹ̀, ó wà lórí fóònù rẹ̀, ó wà lẹ́nu ife tó fi mu tíì. Ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin tó jókòó tì í, tí Sẹ̀kínát fọwọ́ gbá níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ̀fẹ̀. Gbogbo ibi tó ti kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ó ń wò, tí ń tàn rẹ́súrẹ́sú, tó dára lójú, tó sì ń bà á lẹ́rù.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì Fọláyẹmí wí. "Lúlú lásán, ìyẹ̀fun tí iná yìí ń mú tàn, ni mo fi sọ́wọ́ kí n tó bọ̀ yín lọ́wọ́. Kì í pani lára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí lúlú yìí gbà, òun náà ni kòkòrò àrùn ń gbà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kòkòrò kì í tanná fún ẹnikẹ́ni."

Ó ní kí àwọn kan ri ọwọ́ bọ bàsíà, kí wọ́n nù ún sí táwẹ̀lì kan náà. Nígbà tó tún gbé iná dé, táwẹ̀lì náà ń tàn láti òkè délẹ̀.

"Yéè!" Obìnrin kan láti Okokomáìkò pariwo. "Ó ti dé ọwọ́ tèmi! Èmi tẹ́ ẹ ò bọ̀ lọ́wọ́ rárá!"

Sẹ̀kínát ni wọ́n ní kó fi ọṣẹ fọ tirẹ̀ lábẹ́ omi tó ń ṣàn. Ó fọ àtẹ́lẹwọ́, ó fọ ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò, abẹ́ èékánná, títí dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tó na ọwọ́ sábẹ́ iná náà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ìbọ̀wọ́ ńkọ́, mà?" ni ó béèrè. "Ṣebí ìbọ̀wọ́ là ń wọ̀?"

"Ìbọ̀wọ́ ò lè rọ́pò omi àti ọṣẹ. Ọwọ́ tó dọ̀tí ló máa kọ́kọ́ ba ìbọ̀wọ́ jẹ́ níbi tẹ́ ẹ ti ń wọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá kúrò lára aláìsàn kan, ẹ bọ́ ọ dà nù, ẹ fọ ọwọ́, ẹ wọ òmíràn."

Nígbà tí àwọn yòókù ń lọ, Sẹ̀kínát dúró lẹ́yìn. Ó sọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò rẹ̀, ọmọ tí ìwọ́ rẹ̀ wú. Omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó lè sọ fún ọ lónìí ohun tó pa ọmọ yẹn," ni Nọ́ọ̀sì Fọláyẹmí wí. "Má fìyẹn pa ara rẹ. Èyí tó ń bọ̀ ni kó o wò. Ìwọ fọ ọwọ́ tìrẹ, bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá sì gbàgbé, rán an létí."

"Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, mà? Kí n wo ojú ẹ̀, kí n ní ọwọ́ ẹ̀ dọ̀tí?"

Nọ́ọ̀sì Fọláyẹmí mí kanlẹ̀. "Ibẹ̀ yẹn ló le jù nínú gbogbo ohun tí mò ń kọ́ yín. Ìwọ lo mọ ọ̀gá ẹ. Ìwọ náà lo máa mọ bó o ṣe máa sọ ọ́."

Sẹ̀kínát padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ju táwẹ̀lì náà nù. Kí ó tó di ọ̀sán, Mátírọ́ọ̀nù ti kọ́ òmíràn sí i.

"Ṣé ìwọ ló fẹ́ wá fi iṣẹ́ tí mo kọ́ ọ kọ́ mi?"

Sẹ̀kínát yí padà, ó pe aboyún tó kàn. Ṣùgbọ́n lójú oorun, ó ń rí ìmọ́lẹ̀ aláró náà lára ìwọ́ kékeré kan.

Ọjọ́ tí Motúnráyọ̀ rọbí, òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́sàn-án. Iná ti lọ, ẹ̀rọ ò sì pọnmi. Mátírọ́ọ̀nù wà níyàrá iwájú, ó ń tọ́jú egbò ọlọ́kadà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣọyún. Bó ti gbọ́ igbe Motúnráyọ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tó ti ya, ó ri ọwọ́ bọ bàsíà, ó nù ún sí táwẹ̀lì, ó sì ń bọ̀ kánkán.

Láti ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí ni Sẹ̀kínát ti rí i. Bí ó bá sọ̀rọ̀, àrífín ni. Bí ó bá dákẹ́, ọmọ ńkọ́? Ojú rẹ̀ bọ́ sára kẹ́tùlù àlùwàlá tí ẹnì kan gbé sẹ́nu ilẹ̀kùn, tí omi kún inú rẹ̀. Ó rántí pé nílé wọn, àgbà kì í dá omi bù sọ́wọ́ ara rẹ̀ níṣojú ọmọdé. Ó gbé kẹ́tùlù náà, ó mú ọṣẹ, ó fẹsẹ̀ fa ike kan mọ́ra, ó sì kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Mà, ẹ jẹ́ n bomi sí yín lọ́wọ́."

Mátírọ́ọ̀nù dúró ṣinṣin. Ó wo ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀, ó wo ọṣẹ. Kò sẹ́ni tó ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni dọ̀tí, síbẹ̀ àwọn méjèèjì gbọ́ ọ yékéyéké. Ṣùgbọ́n àgbà wo ló máa kọ omi lọ́wọ́ ọmọ tó kúnlẹ̀? Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Omi ń ṣàn, òjò ń rọ̀. Mátírọ́ọ̀nù ń fi ọṣẹ ra ọwọ́ láìyára, bí ẹni tó ń rántí nǹkan tó ti mọ̀ tipẹ́. Ó wo omi tó ń dà sínú ike: ó ti pọ́n díẹ̀, ó sì rí nǹkan funfun egbò ọlọ́kadà nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Tún bù ú sí i," ni ó wí.

Nígbà tó fọ ọ́ tán, ó fi aṣọ mímọ́ kan gba kẹ́tùlù náà.

"Dìde. Mú ọwọ́ tìẹ náà wá."

"Mà? Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Mo ní mú u wá. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè." Ó bomi sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè kí afẹ́fẹ́ fi gbẹ, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, Sẹ̀kínát sì gba ọmọ náà. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ le bí ohùn alágbàtà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ, ìwọ́ rẹ̀ ti já, ojú ibẹ̀ gbẹ, kò pọ́n, kò wú. Motúnráyọ̀ ṣí aṣọ ọmọ, ó wò ó, ó tún wò ó, ó sì bú sẹ́kún ayọ̀. Lẹ́yìn náà ló rán àwọn ẹbí lọ pe ìyá arúgbó tí wọ́n ti ń fojú burúkú wò náà wá jẹun.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ kí ẹ tó kan aláìsàn àti lẹ́yìn tí ẹ bá kàn án. Bí ẹ̀rọ ò bá pọnmi, kẹ́tùlù tó. Omi bàsíà tí gbogbo ènìyàn ń ri ọwọ́ bọ̀ kì í ṣe omi ìfọwọ́, bó ti wù kó ta sánsán tó. Ẹ má jọ lo táwẹ̀lì, ẹ má sì gbé ìbọ̀wọ́ kan láti ara ẹnì kan lọ sára ẹlòmíràn. Ẹ̀yin aláìsàn àti ẹbí, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti fọ ọwọ́?" Kì í ṣe èébú. Ẹ̀yin àgbà, bí ọmọdé bá gbé omi wá, ẹ na ọwọ́. Ẹ̀yin ọmọdé, bí àgbà bá gbàgbé, ẹ má dákẹ́. Ẹ kúnlẹ̀ bó bá gba ìkúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ bó bá gba ìdọ̀bálẹ̀, ẹ ṣáà rí i pé omi kan ọwọ́ rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ọmọ.