Orúkọ Tí Áàpù Ìṣirò Ń Pè

"Àgbà Ìṣirò, káàbọ̀. Jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tá a dúró sí."

Bí ohùn yìí bá ti jáde nínú fóònù lọ́sàn-án, màmá aránṣọ á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì rẹ̀, á sì tẹ́tí. Ìnagijẹ àkọ́bí rẹ̀ ni Àgbà Ìṣirò. Ọmọ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù tí ilé ìwé fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Àìsàn mú un lọ lọ́dún tó kọjá.

Àbúrò rẹ̀, Pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama, ló jogún fóònù náà.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ tèmi sí i."

"O ò gbọdọ̀ dán an wò! Ta ló tún ń pe ọmọ mi lórúkọ? Àwọn ará àdúgbò ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀ mọ́."

Àánú ìyá yìí ṣe mí. Ṣùgbọ́n ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ̀ ọ́n dé ni áàpù yẹn ń wò kó tó yan iṣẹ́ fún un. Nítorí orúkọ ẹ̀gbọ́n tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó fẹ́ jáde girama ló ń kó síwájú ọmọ kékeré. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń méfò, ìdánwò sì ti dé tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ohùn náà ní:

"Àgbà Ìṣirò, o kì í ṣe irú àṣìṣe yìí tẹ́lẹ̀. Ṣé ìwọ gan-an nìyí?"

Ọmọ náà ju fóònù sórí òkìtì aṣọ.

"Màámi, bọ̀dá ló ń bínú! Wọ́n ti mọ̀ pé èmi ni mo jókòó sípò wọn. Mi ò ṣe ìṣirò mọ́ láéláé!"

Orí ìyá rẹ̀ wú.

Tíṣà ìṣirò ilé ìwé ọmọ náà, tó wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ wọn, ló mú fóònù náà, ó sì mí kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé èèyàn ń kú. Orúkọ tá a bá tẹ̀ sí i ló mọ̀. Ó rí i pé ìdáhùn ti yàtọ̀, ló ṣe béèrè. Èmi náà ń rí orúkọ yìí lórí fóònù tí mo fi ń wo iṣẹ́ àwọn ọmọ, mo ṣe bí ẹ̀rọ ló ń ṣàṣìṣe. Mi ò mọ̀ pé ọmọ kan ló ń jìyà níbẹ̀."

"Ṣé kí n wá pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ ni, Tíṣà? Kí ọmọ mi kú lẹ́ẹ̀kejì?"

"Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kẹ́nikẹ́ni má fi ṣiṣẹ́ mọ́. Ká ṣí àkáǹtì tuntun nínú áàpù fún èyí tó wà láàyè, kó bẹ̀rẹ̀ níbi tí agbára ẹ̀ mọ. Ìdí la ti ń gun igi."

Màmá fi àjákù aṣọ nu ojú. Ó gba fóònù, ó fa Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́ra, ó sì tẹ ibi tí Tíṣà fi hàn án.

"Káàbọ̀," ni ohùn kan náà wí. "A ò tíì pàdé rí. Kí ni kí n máa pè ọ́?"

Ìyá náà ló fi ìka ara rẹ̀ tẹ orúkọ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sí i.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń fi áàpù kọ́ ìṣirò, ẹ jẹ́ kó ní orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò máa lo àkáǹtì kan náà. Ẹ jókòó tì í nígbà mìíràn, bí iṣẹ́ bá sì ju agbára rẹ̀ lọ, ẹ tètè sọ fún olùkọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í ṣọ̀fọ̀, kò sì mọ ojú ọmọ. Àwa la ó sọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ fún un.